Ó di oṣù keje tí mo ti ń retí mọ́tò tuntun: ṣé kí n káńsù rẹ̀ ni?

Ìyá Ìbejì SE15
Ọjọ́ Ajé, 20 oṣù kẹfà 2022, aago 9:14 àárọ̀

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Peckham ní London ni mò ń gbé. Iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ni mò ń ṣe, òru ni mo sì sábà máa ń lọ. Mọ́tò oní-dísẹ́lì ọdún 2011 ni mò ń wà. Láti ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá tí wọ́n ti fẹ ààlà ULEZ, ìyẹn agbègbè tí mọ́tò tí èéfín rẹ̀ bá pọ̀ ju ìwọ̀n lọ ti ń sanwó, dé òpópónà North Circular àti South Circular, £12.50 ni mò ń san lójúmọ́ tí mọ́tò yẹn bá ti yí táyà. Ìdí nìyẹn tí èmi àti bàbá àwọn ìbejì fi jókòó, a ṣírò ó, a ní ká kúkú ra mọ́tò oníná tuntun.

Ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá 2021 ni mo fọwọ́ sí ìwé. Mo fi £500 sílẹ̀. Ìjọba fi £2,500 ràn wá lọ́wọ́ lórí iye rẹ̀ nígbà náà, torí pé oníná ni. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi ní oṣù kẹta ni yóò dé, pẹ̀lú nọ́ńbà 22, ti àwọn mọ́tò tí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ láti oṣù kẹta 2022. Nígbà tó di oṣù kejì, ó ní oṣù karùn-ún. Ó tún di oṣù kẹjọ. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá mo pè wọ́n, ẹlòmíràn ló gbé fóònù, ó ní ẹni yẹn ti kúrò níbi iṣẹ́, pé òun kò rí ọjọ́ kankan lórí kọ̀ǹpútà òun.

Ṣájà ti wà lára ògiri iwájú ilé wa láti oṣù kejì, torí a fẹ́ bá owó ìrànwọ́ ti ṣájà kó tó parí ní 31 oṣù kẹta. Mo fi ọ̀rá bò ó kí òjò má bàa pa á. Àwọn ìbejì ti lẹ sítíkà mọ́ ọn. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀ tí mo páàkì mọ́tò dísẹ́lì sí abẹ́ rẹ̀, inú mi máa ń bàjẹ́.

Bàbá wọn ní ká gba owó wa ká lọ ra òmíràn. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ṣe?

Adé Luton
Ọjọ́ Ajé, aago 9:52 àárọ̀

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú mà. Èmi ní kí ẹ káńsù rẹ̀, kí ẹ má wulẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Òfin ilẹ̀ yìí ní ọgbọ̀n ọjọ́ ni kí ẹni tó tajà fi gbé e wá. Oṣù méje kì í ṣe ọgbọ̀n ọjọ́. Èmi náà dúró fún oṣù mẹ́fà, wọ́n ń fi òní dọ́la fún mi. Lóṣù kẹrin mo gba dìpọ́sítì mi, mo lọ ra irú mọ́tò kan náà tí ẹnìkan ti wà fún oṣù mẹ́jọ. Òun ni mo gbé lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ yìí.

Ẹ tún wo owó ULEZ yẹn. Láti aago méjìlá òru sí aago méjìlá òru ni wọ́n ń kà á. Ẹ jáde ní aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ padà ní aago méje àárọ̀, ọjọ́ méjì nìyẹn, £25. Òru mẹ́ta lọ́sẹ̀, £75. Ẹ wá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣírò rẹ̀.

Ìyá Ìbejì SE15
Ọjọ́ Ajé, aago 10:20 àárọ̀

Adé, o ṣé gan-an. Òru mẹ́ta tèmi tẹ̀léra ni. Mo máa ń jáde lálẹ́ Ajé, mo sì máa ń wọlé ìkẹyìn láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, kì í ṣe mẹ́fà, £50 nìyẹn. Ó ṣì pọ̀. Ó ti lé ní £1,500 láti oṣù kẹwàá.

Ti ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn, ohun tó wà nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí ni pé oṣù kẹta 2022 jẹ́ "àfojúsùn". Ṣé òfin yẹn ṣì mú wọn? Káàdì báńkì ni mo sì fi san £500, kì í ṣe kírẹ́díìtì káàdì.

Alákọ̀wé Leeds
Ọjọ́ Ajé, aago 12:05 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán mà. Ọ̀rọ̀ báyìí ni mo bá ẹ̀gbọ́n mi kan jà dé òpin lọ́dún tó kọjá, òun ló jẹ́ kí n jókòó ka òfin náà dáadáa.

Adé, ọgbọ̀n ọjọ́ tí o sọ wà lóòótọ́. Ó wà nínú Consumer Rights Act ti ọdún 2015, abala 28. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹ̀yin méjèèjì kò bá fẹnu kò sí àkókò kankan ni ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn ń ṣiṣẹ́. Mọ́tò tí ilé iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kàn, àkókò tó jìnnà ti wà nínú ìwé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èyí tó kan Ìyá Ìbejì ni pé ọjọ́ tí wọ́n jọ sọ ti kọjá. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti sọ fún wọn kí ẹ tó fọwọ́ sí i pé bí kò bá dé lóṣù kẹta kò wúlò fún yín mọ́, ẹ lè fòpin sí i lónìí. Bí ẹ kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ní láti kọ́kọ́ kọ̀wé sí wọn, kí ẹ fún wọn ní àkókò mìíràn tó bọ́gbọ́n mu. Bí ìyẹn náà bá kọjá, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti jáde, wọ́n á sì dá gbogbo owó yín padà láìjáfara. Díílà á sọ pé àfojúsùn ni òun kọ, kì í ṣe ìlérí. Ìyẹn kò fún un láṣẹ láti máa sún un síwájú títí ayé.

Ímeèlì ni kí ẹ fi ṣe é, ẹ má fi fóònù ṣe é. Ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù ti kúrò níbi iṣẹ́. Ẹ̀rí wo ló kù?

Ní ti káàdì, abala 75 tí àwọn ènìyàn máa ń pariwo, ti Consumer Credit Act ọdún 1974, kírẹ́díìtì káàdì ló wà fún, lórí ohun tí iye rẹ̀ lé ní £100 tí kò sì ju £30,000 lọ. Káàdì báńkì yín kò sí nínú rẹ̀. Ẹ lè bẹ báńkì kí wọ́n fa owó náà padà, ṣùgbọ́n ètò àwọn tó ni káàdì nìyẹn, kì í ṣe òfin, ó sì ní gbèdéke ọjọ́. Bí díílà bá kọ̀ jálẹ̀, tó bá sì wà lára ọmọ ẹgbẹ́ The Motor Ombudsman, àwọn tó ń parí aáwọ̀ láàárín oníbàárà àti àwọn tó ń ta mọ́tò, ẹ lè gbé ẹjọ́ lọ síbẹ̀ láìsan kọ́bọ̀.

Mi ò tíì ní kí ẹ káńsù o. Ọ̀nà àbájáde ni mo ń fi hàn yín, kí ẹ mọ̀ pé ó wà.

Ríwáyà Ládípọ̀
Ọjọ́ Ajé, aago 4:37 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀, torí mo rí i pé ọmọ tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà ni gbogbo wa ń bínú sí. Ríwáyà ni mí. Ládípọ̀ ní Muṣin ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń ṣe é ní Birmingham.

Ẹ ṣí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò tuntun kan. Ẹ ó rí okùn wáyà kan tó nípọn tó ọrùn ọwọ́ ọmọdé, wọ́n fi téèpù dúdú wé e. Ó ti iwájú lọ dé búùtù, ó yà sí ilẹ̀kùn, ó yà sí àga, ó yà sí iná ẹ̀yìn. Bí ìfun ló rí. Bí ẹ bá tú u, tí ẹ fa wáyà inú rẹ̀ tò tẹ̀léra, ó ju kìlómítà kan lọ. Ọwọ́ ènìyàn ló ṣì ń ṣe púpọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n á gbé pátákó gígùn kan kalẹ̀ tí wọ́n ti kan èèkàn sí lára, òṣìṣẹ́ á máa fa wáyà kọ̀ọ̀kan gba ẹ̀gbẹ́ èèkàn kọ̀ọ̀kan títí wọn yóò fi pé, á wá dì wọ́n. Okùn mọ́tò kan kì í sì í ṣe ti èkejì. Bí ẹ bá yan àga tó ń móoru, ẹ̀ka kan wà fún un nínú okùn tiyín. Bí ẹ kò bá yàn án, ẹ̀ka yẹn kò ní sí. Nítorí náà kò ṣeé kó jọ sí yàrá bíi táyà.

Ìwọ̀-oòrùn Ukraine ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ mọ́tò Yúróòpù ń lò. Leoni tí í ṣe ti Jámánì ní ilé iṣẹ́ níbẹ̀ ní Stryi àti Kolomyia. Ogun dé ní 24 oṣù kejì. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ Volkswagen ti dá iṣẹ́ dúró ní Zwickau, níbi tí wọ́n ti ń kan mọ́tò oníná wọn. BMW náà dúró. Ẹ má rò pé wọ́n lè kan mọ́tò tán kí wọ́n tó wá fi wáyà sí i. Okùn yẹn ń wọlé kí kápẹ́ẹ̀tì àti àga tó bò ó mọ́lẹ̀. Bí kò bá sí, gbogbo ẹ̀ ti dúró nìyẹn.

Ọ̀wọ́n ṣíìpù, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń darí àwọn ohun oníná inú mọ́tò, ti wà ṣáájú ogun náà. Nígbà tí kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé ní 2020, àwọn tó ń ṣe mọ́tò dá ọ́dà ṣíìpù wọn dúró, wọ́n rò pé kò sẹ́ni tó máa ra mọ́tò. Àwọn tó ń ṣe ṣíìpù gbé àyè wọn fún oníkọ̀ǹpútà àti onífóònù. Ọjà mọ́tò padà jí kíá, àwọn onímọ́tò sì ti bọ́ sẹ́yìn ìlà. Lórí ìyẹn, iná tún jó ilé iṣẹ́ Renesas tó ń ṣe ṣíìpù ní Naka ní Japan ní 19 oṣù kẹta 2021. Ṣíìpù tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ lónìí, ó di oṣù mélòó kan kó tó jáde. Lóṣù tó kọjá mọ́tò kan wà níwájú mi tí wíńdò rẹ̀ kọ̀ láti gòkè. Ohun tó bàjẹ́ nínú rẹ̀ kò tó èékánná ìka ọmọdé. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá la fi wá a.

Nítorí náà, mà, bí ẹ bá káńsù tí ẹ lọ ṣe ọ́dà tuntun níbòmíràn, ẹ̀yìn ìlà lẹ ń lọ. Kò sí ilé iṣẹ́ mọ́tò tí ọ̀wọ́n ṣíìpù yìí yọ sílẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Houston
Ọjọ́ Ajé, aago 8:15 alẹ́

Ẹ béèrè ti iye owó náà o. Ní Texas níbí, oṣù márùn-ún ni mo fi dúró. Ọjọ́ tí mọ́tò dé, mo bá ìwé kékeré kan lára gíláàsì rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ilé iṣẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Díílà ti fi $5,000 kún un, ó ní bí ọjà ṣe rí nìyẹn. Mo kọ̀. Ọjọ́ kejì ló tà á fún ẹlòmíràn. Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín pé iye tí ẹ fọwọ́ sí ni ẹ máa san.

Akọ̀wé Díílà
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 oṣù kẹfà, aago 7:30 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Ọ́fíìsì díílà kan ní Manchester ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọdún kẹfà mi rèé. Mo bẹ̀ yín, ẹ má béèrè "ìgbà wo ló máa dé?" mọ́. Ohun tí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ bá kọ láàárọ̀ la máa sọ fún yín, ó sì lè yí padà kó tó di alẹ́. "Ibo ló dé báyìí?" ni kí ẹ béèrè.

Ọ́dà á kọ́kọ́ wọlé, á kàn wà bẹ́ẹ̀, kò ní àyè. Ó lè pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ilé iṣẹ́ á fún un ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa kàn án. Bó bá ti wọ inú ètò ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ kò lè pààrọ̀ ohunkóhun mọ́, àní àwọ̀ pàápàá. Ìgbà yẹn ni VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò, ń jáde, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Bí ẹ bá ti ní VIN, ẹ ti ní mọ́tò kan pàtó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́. Ó kù kó wọ ọkọ̀ ojú irin tàbí ọkọ̀ ojú omi, kó dé èbúté, kí àwa yẹ̀ ẹ́ wò, kí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ mọ́tò sílẹ̀. Ibẹ̀ náà ní ewu tirẹ̀: oṣù kejì ọdún yìí ni iná mú ọkọ̀ Felicity Ace nítòsí erékùṣù Azores, bíi 4,000 mọ́tò ló bá a rì sínú òkun.

Ṣùgbọ́n ohun tó ká mi lára jù nínú ọ̀rọ̀ yín ni £2,500 yẹn. Ọ́dà yín wọlé ní 19 oṣù kọkànlá. Ní 15 oṣù kejìlá, ìjọba gé e sí £1,500, wọ́n sì ní mọ́tò tí iye rẹ̀ kò bá ju £32,000 lọ nìkan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, 14 oṣù kẹfà, wọ́n fòpin sí i fún ọ́dà tuntun. Èyí tí díílà ti kọ sórí ètò ìjọba ṣáájú ìgbà náà ṣì wà. Bí ẹ bá káńsù, kò sí díílà kankan nílẹ̀ yìí tó lè fún yín ní owó yẹn mọ́. Ẹ kọ̀wé sí máníjà lónìí, lónìí gan-an, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n kọ orúkọ ọ́dà yín sílẹ̀ fún un, kí wọ́n fi ẹ̀rí ránṣẹ́. Mo ti rí ibi tí ẹni tó tajà gbàgbé láti ṣe é tó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ.

Ẹ tún béèrè bóyá ohun kan nínú àwọn àfikún tí ẹ yàn ló ń dá a dúró. Oníbàárà wa kan dúró láti oṣù kẹsàn-án nítorí àga tó ń móoru. Ó ní ká yọ ọ́. Láàárín oṣù méjì ó ti rí àyè. General Motors fúnra wọn kéde ní Amẹ́ríkà lóṣù kọkànlá pé àwọn mọ́tò wọn kan á jáde láìsí irú àga bẹ́ẹ̀, ṣíìpù náà ló fà á. Bí ẹ bá máa yọ nǹkan, kó jẹ́ àtúnṣe lórí ọ́dà kan náà. Bí wọ́n bá pa á rẹ́ láti kọ tuntun, owó ìjọba lè bá a lọ.

Bó bá jẹ́ PCP, ìyẹn ètò sísan owó mọ́tò díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, lẹ máa fi san án, ọjọ́ tí mọ́tò bá fẹ́ dé ni ẹ máa fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Bank of England ti gbé èlé láti 0.1% dé 1.25% láti oṣù kejìlá sí ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ má fi iye oṣooṣù tí wọ́n sọ fún yín nígbà náà ṣètò owó ilé.

Adé Luton
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 8:11 àárọ̀

Akọ̀wé Díílà, ẹ ṣé. Iye mọ́tò tèmi ti ju gbèdéke lọ, kò sí owó ìjọba nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọkàn mi kò fi lọ síbẹ̀. Ó sì yẹ kí n sọ èyí náà, kí Ìyá Ìbejì má bàa fi ọ̀rọ̀ mi ṣìnà: mọ́tò olóṣù mẹ́jọ tí mo rà, mo fi £1,400 lé iye tí tuntun rẹ̀ jẹ́ nínú ìwé. Mo san án torí iṣẹ́ mi kò lè dúró. Bó bá jẹ́ pé £2,500 wà lórí tèmi, ǹ bá dúró.

Bàbá Tóyìn Ìbàdàn
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 11:46 àárọ̀

Ẹ̀yin tó wà lókè òkun, iye tó wà nínú ìwé yín ṣì ń jẹ́ iye. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016 mo sanwó sílẹ̀ fún mọ́tò tuntun l'Ékòó, ìdá méje nínú mẹ́wàá. Wọ́n ní oṣù mẹ́rin. Kó tó dé, ó di oṣù kẹfà, CBN tú náírà sílẹ̀, dọ́là kan kúrò ní ₦197 ó lé ní ₦280. Díílà pè mí, ó ní kí n wá fi kún un tàbí kí n wá gba owó mi. Mo gba owó mi. Kò lè ra ohun tó lè rà tẹ́lẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà tọ́kùnbọ̀ ni mò ń rà: mo rí i, mẹkáníìkì mi yẹ̀ ẹ́ wò, mo sanwó, mo gbé e lọ sílé lọ́jọ́ kan náà. Ìyá Ìbejì, ẹ má jẹ́ kí owó yín pẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Alákọ̀wé Leeds
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 12:30 ọ̀sán

Bàbá, ẹ kú àfaradà sà. Ọ̀rọ̀ yín kan owó tó pọ̀. Ti Ìyá Ìbejì, £500 péré ló wà lọ́wọ́ díílà, ìyókù wà níbi tó wà. Ohun tó lè sọ nù bó bá dúró kéré sí ohun tó máa sọ nù bó bá kúrò.

Awakọ̀ Lewisham
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 2:02 ọ̀sán

Gbogbo yín ń sọ ti mọ́tò tó ń bọ̀, ẹ gbàgbé èyí tó ń jẹ owó lónìí. Ìyá Ìbejì, ẹ ta dísẹ́lì yẹn!

Dísẹ́lì gbọ́dọ̀ jẹ́ Euro 6, ìyẹn ìwọ̀n èéfín tí òfin Yúróòpù fi lélẹ̀ fún mọ́tò, kó tó bọ́ lọ́wọ́ ULEZ, ìyẹn sì jẹ́ àwọn tí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ láti bí oṣù kẹsàn-án 2015. Ṣùgbọ́n ti oní-bẹntiróòlù, Euro 4 ló tó, èyí sì kan ọ̀pọ̀ jù lọ mọ́tò láti 2006. Ẹ wá mọ́tò kékeré oní-bẹntiróòlù ọdún 2008 tàbí 2009, kí ẹ máa wà á títí èyí tuntun yóò fi dé. Ká ní £1,800 lẹ rà á, ọ̀sẹ̀ 36 ti £50 ti san án tán, ẹ ó sì tún rí i tà lẹ́yìn náà. Owó mọ́tò àlòkù ti gbówó lórí gan-an báyìí, ẹ máa rí owó gidi lórí dísẹ́lì yẹn náà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sórí ojúlé TfL, àwọn tó ń bójú tó ìrìnnà ní London. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má gba ẹnu ẹni tó ń tà á gbọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan gba ẹnu wọn gbọ́, ìwé ìtanràn £160 ni wọ́n fi kí i káàbọ̀.

Ríwáyà Ládípọ̀
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:20 ìrọ̀lẹ́

Awakọ̀, ìmọ̀ràn yìí dára ju tèmi lọ. Kí n fi díẹ̀ kún un. Ẹ wo ìtàn MOT rẹ̀, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún, lórí ojúlé ìjọba, nọ́ńbà mọ́tò lẹ máa fi wò ó. Bí máìlì inú rẹ̀ bá ń lọ sókè lọ́dọọdún, ó dáa. Bó bá ti lọ sílẹ̀ lọ́dún kan rí, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ dé ibẹ̀ kí wọ́n tó tan íńjìnnì, ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó yẹ kó tutù. Bó bá ti gbóná, ẹ bi wọ́n ìdí tí wọ́n fi ti tan án kí ẹ tó dé. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì iwájú ẹ̀gbẹ́ èrò sókè, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án. Bó bá tutù, omi ti ń wọlé, wáyà abẹ́ rẹ̀ á sì máa fún yín ní wàhálà.

Ìyá Ìbejì SE15
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9:05 alẹ́

Ẹ̀yin ará mi, Ọlọ́run á máa bá yín gbé. Bàbá àwọn ìbejì ka gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú mi, nígbà tó dé ibi £2,500 ó dákẹ́. Ìṣòro kan wà: dísẹ́lì yẹn wà nínú ìwé àdéhùn, wọ́n ní àwọn máa gbà á ní £3,200 mọ́ owó tuntun. Ṣé mo ṣì lè tà á? Kí ni kí n sì kọ sí máníjà?

Alákọ̀wé Leeds
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 10:40 alẹ́

Wọ́n sábà máa ń ní kí iye tí wọ́n dá lé mọ́tò àtijọ́ wà fún ìwọ̀n ọjọ́ tàbí máìlì kan, tiyín sì ti lè kọjá. Ẹ bi wọ́n, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ nínú ìwé kí ẹ tó tà á.

Lẹ́tà kò gbọ́dọ̀ gùn. Ẹ kọ nọ́ńbà ọ́dà, ọjọ́ tí ẹ fọwọ́ sí i, ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n ti sọ fún yín. Ẹ wá béèrè: ṣé ó ti ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa kàn án? Àfikún wo ló ń dá a dúró? Ọjọ́ wo lẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún owó ìjọba? Ṣé iye tí mo fọwọ́ sí ṣì dúró? Ẹ ní ẹ fẹ́ èsì láàárín ọjọ́ méje, pé ẹ ń fún wọn di 31 oṣù kẹwàá láti gbé mọ́tò wá, pé bí kò bá dé ẹ ó lo ẹ̀tọ́ yín. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Ìyá Ìbejì SE15
Ọjọ́ Àìkú, 17 oṣù keje 2022, aago 3:18 ọ̀sán

Ẹ kú ọjọ́ Àìkú o. Mo ṣe gbogbo ohun tí ẹ ní kí n ṣe.

Ọjọ́ kẹrin ni máníjà dáhùn. Wọ́n kọ mí sílẹ̀ fún owó ìjọba ní 23 oṣù kọkànlá, ó ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí mi. Iye tí mo fọwọ́ sí dúró. Mọ́tò kò ní àyè kankan látìgbà yìí. Búùtù tó ń ṣí fúnra rẹ̀ ló dá a dúró, ọmọkùnrin yẹn ló fi í kún un lọ́jọ́ náà, mi ò tilẹ̀ rántí. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́. Mo béèrè ohun tí Akọ̀wé Díílà ní kí n béèrè, wọ́n kọ ọ́ pé àtúnṣe ni, nọ́ńbà ọ́dà kò yí padà. Láti ọjọ́ Ẹtì wọ́n ti fún mi ní ọ̀sẹ̀: ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kẹwàá.

Mo ta dísẹ́lì ní £3,450. Mo ra mọ́tò bẹntiróòlù ọdún 2008 lọ́wọ́ olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Catford, £1,750. Bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tutù. Mo gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, ó gbẹ. Mọ́míì yẹn wò mí, ó ní ta ló kọ́ mi? Mo ní ẹ̀gbọ́n mi kan ní Birmingham ni.

Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ síṣẹ́ òru. Mi ò san nǹkan kan.

Akọ̀wé Díílà
Ọjọ́ Àìkú, aago 5:00 ìrọ̀lẹ́

Inú mi dùn gan-an mà. Ẹ má tíì bá àwọn oní-ìńṣọ́ránsì sọ̀rọ̀ títí díílà yóò fi fún yín ní nọ́ńbà mọ́tò. VIN nìkan kò tó fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí ọ̀sẹ̀ yẹn bá sì yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má jáyà, ó ṣì lè yẹ̀. Bó bá kọjá 31 oṣù kẹwàá, lẹ́tà yín wà nílẹ̀.

Ìyá Ìbejì SE15
Ọjọ́bọ̀, 29 oṣù kẹsàn-án 2022, aago 7:52 àárọ̀

VIN ti jáde! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni mo bá ímeèlì náà. Mo kà á, 17 ni lóòótọ́. Mo ti yọ ọ̀rá kúrò lórí ṣájà. Sítíkà àwọn ìbejì ti lẹ̀ pinpin, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.